Ìwé Ní Kó Jẹun, Ìjà Ní Kó Má Jẹun

Ẹni tó bá ní ilé ìwẹ̀ tí gbogbo ìlú ń wá wẹ̀ ní Jecheon kò lè ṣàì mọ àṣírí àdúgbò. Bí èèyàn bá ti bọ́ aṣọ sílẹ̀ níwájú rẹ, kí ló kù tó fẹ́ fi pamọ́? Mo mọ ìyàwó tí ọkọ ń lù. Mo mọ ìyá kan tó ń búra pé wọn ò fi abẹ kan òun rí, tí àpá sì wà níkùn rẹ̀ láti òkè délẹ̀. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má wá sọ fún mi pé ojú mi ló ń ṣe bàìbàì nígbà tí mo pariwo pé ọmọ àbúrò mi ń tán lọ bí ọṣẹ inú omi. Èmi ni mò ń fọ ihò tí omi ń gbà jáde. Irun orí ọmọ yẹn ni mo máa ń fà jáde níbẹ̀ ní ìdì-ìdì, irun ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Haesol ni wọ́n ń pè é. Àbúrò mi ọkùnrin, Gichan, ló bí i. Ìyá rẹ̀ ti palẹ̀ ẹrù mọ́ lọ sí Ulsan nígbà tí ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń de okùn bàtà, kò sì bojú wẹ̀yìn mọ́, ẹ jẹ́ ká fi tiẹ̀ sílẹ̀. Gichan ń wa ọkọ̀ tó ń já ẹrù káàkiri ẹnu ọ̀nà àwọn èèyàn, kì í tètè wálé. Ọ̀dọ̀ mi ni Haesol máa ń wá bó bá ti kúrò níbi tí wọ́n ti ń kọ́ júdò nílé ìwé. Á jókòó sẹ́yìn káńtà, á ṣí ìwé, á máa kàwé títí bàbá rẹ̀ á fi dé.

Ẹ má rò pé Gichan ń fìyà jẹ ọmọ o. Ìfẹ́ ni, ìfẹ́ sì ni mo bá jà jù lọ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Òun náà ti ja júdò rí. Nígbà tiwọn, ọmọ tó bá mọ ìjàkadì á kàn lọ sùn sẹ́yìn kíláàsì ni, tíṣà á ní kí wọ́n má jí i, ó ń sinmi fún ìdíje. Bí wọ́n ṣe fi oorun pa ọgbọ́n orí wọn nìyẹn. Nígbà tí orúnkún Gichan yẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, kò sí ibi tó lè fi orí rẹ̀ sí. Ọ̀rọ̀ tó máa ń sọ ni pé, "Orúnkún mi ló yẹ̀, orí mi ló ń jìyà ẹ̀." Ó wá búra pé ọmọ òun kò ní yan ọ̀kan fi èkejì sílẹ̀. Á jà, á sì kàwé.

Ìjọba náà ti ṣòfin sí i báyìí. Ọmọ tó ń ṣe eré ìdárayá, bí máàkì rẹ̀ kò bá dé ibi tí wọ́n fa ìlà sí, kò ní díje ní sáà tó tẹ̀ lé e, bó tilẹ̀ lè gbé màlúù ṣánlẹ̀. Ilé ìwé girama àgbà kan sì wà ní Cheongju tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn eléré ìdárayá, wọ́n ń sùn níbẹ̀, wọ́n ń jẹ níbẹ̀, kò sì ná òbí ní nǹkan kan. Kóòṣì ibẹ̀ ti wo Haesol lẹ́ẹ̀kan, ó ní òun á gbà á, ṣùgbọ́n kó mú nǹkan méjì wá: àmì ẹ̀yẹ láti ìdíje ìpínlẹ̀ oṣù keje, àti ìṣirò tó kọjá ìlà. Ó ní ọmọ tí ìwé bá máa dè mọ́lẹ̀, òun ò ní àyè fún un. Ìdánwò ìṣirò sì bọ́ sí òwúrọ̀ ọjọ́ tí wọ́n máa wọn àwọn oníjà ní ìrọ̀lẹ́.

Ìwọ̀n yìí gan-an ni wàhálà. Ilé ìwé wọn kò lè mú ju ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ fún ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan. Ọmọ kan tó ń jẹ́ Yewon, àyànfẹ́ Kóòṣì Maeng tó ń kọ́ wọn ní júdò, ti jókòó sí ipò àwọn tó tóbi díẹ̀. Èyí tó ṣẹ́ kù fún Haesol ni kílò méjìdínláàádọ́ta. Ó bá a mu lọ́dún tó kọjá. Ṣùgbọ́n ọmọ ń dàgbà! Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni? Egungun rẹ̀ ń gùn, èjìká rẹ̀ ń fẹ̀, gbogbo ohun tí Ọlọ́run ń fi kún un ni Kóòṣì Maeng ní kó yọ kúrò.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan mo rí i tó ń tutọ́ sínú agolo bó ṣe ń yanjú ìṣirò. Á kọ ìlà kan, á tutọ́. Á kọ òmíràn, á tún tutọ́.

"Kí lo ń tu sínú agolo yẹn?"

"Itọ́ ni, Àǹtí. Kóòṣì ní itọ́ náà ní ìwọ̀n tiẹ̀."

"Kóòṣì ẹ gan-an ní ìwọ̀n tiẹ̀. Ṣé ká tu òun náà dànù ni?"

Ó rẹ́rìn-ín, ètè rẹ̀ sì là, ẹ̀jẹ̀ yọ díẹ̀. Ó fi ọwọ́ nù ún, ó tún dojú kọ ìwé. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀ ó ní, "Àǹtí, mo ti ka ìbéèrè yìí tó ìgbà mélòó kan. Mo mọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan níbẹ̀, àmọ́ tí mo bá dé ìparí, mi ò rántí ìbẹ̀rẹ̀ mọ́."

Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ míì wọ̀ ọ́. Mo bó ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan, mo tì í sí iwájú rẹ̀. Ó wò ó bí ẹni ń wo ọlọ́pàá. Nígbẹ̀yìn ó jẹ ìdajì, kò sì pẹ́ tí ìṣirò náà fi tú. Àwa méjèèjì rí i kedere. Inú rẹ̀ dùn, ó yanjú ìbéèrè bíi mẹ́fà léraléra, ó ń kọrin sí mi létí. Lẹ́yìn náà ló wọ aṣọ rọ́bà tó ń mú òógùn jáde, ó lọ ń sáré gòkè sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ilé mi kí ìdajì ọ̀gẹ̀dẹ̀ lè jáde lára rẹ̀.

Bí a ṣe ń ṣe é títí nìyẹn. Ìwé ní kó jẹun, ìjà ní kó má jẹun, ó sì ń dá àwọn méjèèjì lóhùn. Ìyá tó bí mi jẹ èèpo igi nígbà ogun. Bó bá jí dìde tó rí ọmọ tí oúnjẹ wà níwájú rẹ̀ tó ń sá fún un, á ní wọ́n ti gbé wa sí ìlú àwọn wèrè.

Mo pe Gichan jókòó. Mo ní, "Ọmọ yìí máa kú mọ́ ẹ lọ́wọ́."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ yé fi ẹnu yín pè é. Ó ku oṣù kan péré. Tó bá ti wọ Cheongju, ó bọ́."

"Ẹni tó bá lé eku méjì á pòfo, Gichan."

"Èmi lé ẹyọ kan ṣoṣo, ẹ̀gbọ́n mi. Kí ni mo mú bọ̀?"

Mo fi í sílẹ̀. Mo dúró de Kóòṣì Maeng lọ́jọ́ tó kó àwọn ọmọ rẹ̀ wá laágùn sí yàrá ooru mi. Kì í ṣe èèyàn burúkú, ká sọ òdodo. Tí àwọn ọmọ rẹ̀ bá pàdánù, ẹkún ló máa ń sun níta gbangba.

Mo ní, "Kóòṣì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí Haesol jà pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ tó tóbi."

"Mọ́mì, Yewon ló wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi Haesol síbi tó ti máa borí. Èmi náà ṣe é nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Ṣé mo kú ni?"

"Ẹ ò kú lóòótọ́. Irun orí yín dà?"

Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín, torí orí ọkùnrin náà ń dán bí àwo. Òun náà rẹ́rìn-ín. Haesol nìkan ni kò rín, ó fa fìlà rẹ̀ wálẹ̀ bo etí. Ó dùn mí pé mo sọ ọ́.

Ọjọ́ ìdánwò dé. Ọ̀dọ̀ mi ni òun àti bàbá rẹ̀ sùn mọ́jú, torí òṣùwọ̀n tó wà nílé ìwẹ̀ mi. Omi kò tíì kan ẹnu rẹ̀ láti ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú. Ó gun òṣùwọ̀n náà láàárọ̀, ó sọ̀ kalẹ̀, ó sì mí kanlẹ̀. Ó ti dé e. Bó bá lè wà bẹ́ẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ó ti yọ.

Ibẹ̀ ni Gichan ti wọlé tẹ̀rín-tẹ̀rín pẹ̀lú páálí kan lọ́wọ́. Ẹ mọ bí tiwa ṣe rí lọ́jọ́ ìdánwò: ẹnikẹ́ni kì í fi ọbẹ̀ ewé òkun kan ọmọ lẹ́nu, torí ó ń yọ̀, ọmọ á yọ̀ ṣubú. Ohun tó ń lẹ̀ là ń fún un jẹ kí ìdánwò lè lẹ̀ mọ́ ọn. Àkàrà ìrẹsì alálẹ̀mọ́ ni Gichan rà, tí wọ́n fi ẹ̀wà pupa aládùn sí nínú. Ó ti lọ tò fún un láti ìdájí ní ṣọ́ọ̀bù tí gbogbo òbí gbà pé tiwọn ló ń lẹ̀ jù.

"Jẹ ẹ́, ọmọ mi."

"Bàbá, ìwọ̀n mi ńkọ́?"

"Ohun tó kéré bí ẹyin adìyẹ yìí? Kí ló fẹ́ fi kún kílò méjìdínláàádọ́ta? Ṣé o fẹ́ lọ jókòó síwájú ìṣirò láìjẹ nǹkan tó ń lẹ̀? Kí n wá máa rò ó lójú ọ̀nà pé èmi ni mi ò ṣe tèmi?"

Mo ní, "Gichan, fi ọmọ sílẹ̀."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló jẹ nǹkan tó ń lẹ̀ lọ́jọ́ ìdánwò tèmi? Ṣé ẹ rántí? Kò sẹ́ni tó rántí pé mo ní ìdánwò."

Haesol wo ojú bàbá rẹ̀. Èèyàn tó wa ọkọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú lójoojúmọ́, tó wá dúró síbẹ̀ pẹ̀lú páálí àkàrà bí ọmọdé tó mú ẹ̀bùn wá. Ó mú ẹyọ kan, ó jẹ ẹ́. Gichan ní ẹyọ kan kì í lẹ̀ dáadáa. Ó jẹ ìkejì. Ó jẹ ìkẹta. Àkàrà yìí kì í sì í lọ lọ́fun gbígbẹ, nítorí náà Gichan bu tíì ọkà báálì fún un, ó sì mu ún tán, ojú rẹ̀ dí pẹ̀lú adùn. Mi ò rí ẹni tó mu omi báyẹn rí. Bàbá rẹ̀ ń gbá a lẹ́yìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ń sọ pé, "Ó ti lẹ̀. Ó ti lẹ̀ ná."

Ìṣirò náà sì lẹ̀, mi ò ní purọ́. Nígbà tó dé lọ́sàn-án ó ń fò, ó ní Tíṣà Yeom tó ń kọ́ wọn ní ìṣirò ti wo ìdáhùn òun níta kíláàsì, ó ní ó kọjá ìlà dáadáa. Ó dì mọ́ mi. Egungun nìkan ni mo dì mọ́. Lẹ́yìn náà ló gun òṣùwọ̀n, ẹ̀rín rẹ̀ sì kú sójú. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi kílò kan lé. Bọ́ọ̀sì wọn sì máa gbéra ní aago mẹ́rin.

Ó wọ aṣọ rọ́bà, ó wọ súwẹ́tà méjì lé e, nínú ooru oṣù keje. Mo gba kọ́kọ́rọ́ yàrá ooru sọ́wọ́.

"Mi ò ní ṣí i."

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́."

"Mo ní mi ò ní ṣí i. Jẹ́ kí wọ́n máa ja ìjà wọn lọ."

"Tí ẹ ò bá ṣí i, ojú títì ni màá ti sáré, nínú oòrùn." Ó ti ń de okùn bàtà rẹ̀.

Mo ṣí i. Ó sàn kó wà níbi tí ojú mi á tó o. Èmi náà wọlé tẹ̀ lé e, mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ó ń fò lórí okùn, ó ń fò, òógùn ń ṣàn ní etí aṣọ rọ́bà náà. Nígbà tó yá òógùn kò jáde mọ́. Ojú rẹ̀ gbẹ, ó pupa, ó sì ń dán. Mo dìde láti fà á jáde, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ká lábẹ́ rẹ̀ kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Mo wọ́ ọ lórí ilẹ̀ bọ́ sí ibi tó tutù. Mo fa aṣọ rọ́bà ya lọ́rùn. Mo bu omi, mo gbé igbá sí i lẹ́nu. Ọmọ náà di eyín pọ̀. Mo fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó tún di í le sí i, omi ń ṣàn lọ sí ọrùn rẹ̀, ó sì ń fi apá nù ún kúrò kíákíá kó má bàa wọ ara. Ohùn rẹ̀ ń gba àárín eyín jáde.

"Àǹtí, tí ẹ bá fún mi lómi, gbogbo ìwé tí mo kà di asán."

"Kó di asán! Kó di asán, mo ní! Ta ló ń ka ìwé nínú sàréè?"

Mo ń ké, mo ń sunkún, mo ń wá fóònù láti pe àwọn onímọ́tò ọsibítù. Ìgbà yẹn ni Gichan àti Kóòṣì Maeng wọlé pọ̀. Kóòṣì kò bi mí ní nǹkan kan, ó gbé ọmọ dìde, ó gbé e sórí òṣùwọ̀n. Ó ṣì fi díẹ̀ lé, ìwọ̀n ẹyọ àkàrà kan.

"Irun ẹ̀ ńkọ́?" ni Kóòṣì sọ. "Ó gùn. Ó máa ràn wá lọ́wọ́."

Mo ní, "Maeng, jáde nílé mi. Mo ní kó o jáde! Ìwọ tí irun ẹ ti tán, tọmọ ọlọ́mọ lo tún fẹ́." Mi ò rántí 'ẹ̀yin' tí mo máa ń fi bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Mo kọjú sí Gichan. "Ìwọ ni bàbá ẹ̀. Gbé ọmọ ẹ lọ sí ọsibítù."

Gichan dúró. Mo rí i tó ń wo ọmọ, tó ń wo aago, tó tún ń wo ọmọ. Fún ìṣẹ́jú kan mo rò pé ó máa ṣe é. Haesol ló sọ̀rọ̀, ó di ẹsẹ̀ òṣùwọ̀n mú kó má bàa ṣubú.

"Bàbá, mo ti ṣe ti ìwé. Ó ku eléyìí nìkan. Ẹ bá mi gé e."

Àbúrò mi mú àlùmọ́gàjí lórí káńtà mi. Ó ń gé irun ọmọ rẹ̀, ó ń gé e mọ́ awọ orí gan-an, ó sì ń sọ fún un pé á tún hù, pé irun kì í ṣe nǹkan kan. Kóòṣì Maeng fún Haesol ní súìtì kíkan kan kó máa là á kí itọ́ lè wá, kó lè máa tu ú lójú ọ̀nà. Wọ́n gbé e wọ bọ́ọ̀sì láàárín èjìká méjì.

Ó dé ìwọ̀n náà. Wọ́n ní bó ṣe sọ̀ kalẹ̀ ló dá kú díẹ̀, tí wọ́n fún un ní omi oyin, tó bì í, tí wọ́n tún fún un. Èmi lọ bá wọn níbi ìdíje ní Cheongju lọ́jọ́ kejì. Mo rí i lórí ẹní ìjà pẹ̀lú orí kékeré tí wọ́n fi àlùmọ́gàjí bà jẹ́ yẹn, mi ò mọ̀ pé òun ni títí tí wọ́n fi pe orúkọ. Ó jà bí ẹni tí kò ní nǹkan mìíràn nínú ayé. Ó gbé ẹni àkọ́kọ́ ṣánlẹ̀, ó gbé èkejì. Àmì ẹ̀yẹ fàdákà ni wọ́n fi kọ́ ọ lọ́rùn, ọrùn náà sì tẹ̀ síwájú bí ẹni pé òkúta ni wọ́n so mọ́ ọn.

Kóòṣì ilé ìwé girama ti Cheongju náà wá bá wa. Ọkùnrin oníwà pẹ̀lẹ́ kan ni, aṣọ rẹ̀ mọ́. Ó bọ Gichan lọ́wọ́, ó ní òun ti gbọ́ ti ìṣirò náà, irú ọmọ tó ń ṣe méjèèjì báyìí ṣọ̀wọ́n. Gichan ń tẹríba, ó ń tẹríba, omijé ń bọ́ sílẹ̀ láti imú rẹ̀.

"Ìwọ̀n yìí ló bá a mu," ni ọkùnrin náà wí. "A máa fi í síbẹ̀ fún ọdún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kẹ́ ẹ ṣáà máa ṣọ́ ọ lásìkò ìsinmi. Ẹ má jẹ́ kó dàgbà ju báyìí lọ."

"A ti gbọ́, ọ̀gá. Ẹ ṣeun, ọ̀gá," ni àbúrò mi ń sọ.

Lálẹ́ ọjọ́ náà ó kó gbogbo wa lọ sí ilé ẹran sísun. Kóòṣì Maeng wà níbẹ̀, Tíṣà Yeom náà wá láti bá wọn yọ̀. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ọlọ́ràá ń ta páráparà lórí iná. Gichan ló ń fi àlùmọ́gàjí gé e, ó ń fi ewé wé e, ó ń kó o sínú àwo ọmọ rẹ̀ títí àwo fi kún.

"Jẹun, ọmọ mi. Ó ti parí. O ti ṣe ìwé, o ti ṣe ìjà. Lónìí, jẹ ohun tó bá wù ẹ́."

"Ẹ ṣeun, Bàbá."

Ó fi ẹran sẹ́nu. Ó ń rún un lẹ́nu, ó ń rún un, ó ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo ènìyàn. Lẹ́yìn náà ó mú tíṣù bí ẹni fẹ́ nu ètè, ó sì fi tíṣù náà sábẹ́ itan. Ó tún mú òmíràn. Mo wo abẹ́ itan rẹ̀, tíṣù tí wọ́n wé mọ́ ẹran ti tó mẹ́rin níbẹ̀.

Mo ní, "Haesol, gbé e mì."

Gbogbo wọn wò ó. Ojú tì í, ó gbìyànjú, mo rí i tí ọ̀fun rẹ̀ ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òfo. Ó wo bàbá rẹ̀, kì í ṣe pé ó ń ráhùn, ó kàn ń bi í ni, bí ọmọ ṣe ń béèrè ohun tó ṣòro nínú iṣẹ́ àṣetiléwá.

"Bàbá, báwo ni wọ́n ṣe ń gbé e mì? Mi ò rántí mọ́."

Gichan bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ gbọ́ ọmọ yìí! Ẹ gbọ́ ọmọ mi!" Kóòṣì Maeng rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́, ó ní ọmọ náà mọ àwàdà ju òun lọ. Tíṣà Yeom náà rẹ́rìn-ín. Àbúrò mi nu ojú rẹ̀, ó mú ẹran mìíràn lórí iná, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i kó lè tutù, ó sì gbé e sí ọmọ rẹ̀ lẹ́nu.